Sípíríìngì tí Bàbá Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Agbalépédogan, Lomé
Ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, 2023

Fàdílátù ọmọ mi,

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi rí ìwé rẹ. Ṣé òtútù Lyon ti gan ọ́ lọ́wọ́ ni, àbí o ti gbàgbé Yorùbá kíkọ tí mo fi pàṣán kọ́ ọ? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi àìsàn wá ara wa. Èmi àti ìyá rẹ ń mí, a dúpẹ́. Orúnkún ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu bó bá ti ọjà dé. Ní tèmi, etí ọ̀tún tó ṣẹ́kù náà ti dí pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, àfi kó wá dúró níwájú mi, kó máa la ẹnu bí ẹja. Nítorí náà, má pè mí lórí fóònù mọ́. Ìyá rẹ á kàn gbé e sí mi létí, màá sì máa rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè sí ohun tí mi ò gbọ́. Lẹ́tà kékeré inú fóònù yẹn náà, ojú mi ò ká a. Ìwé ni kí o máa kọ, kí o máa fi rán Priscilla tó ń gbé ẹrù láàárín Lomé àti ọ̀dọ̀ yín.

Iṣẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àti máṣíìnì ìránṣọ ni mo ṣì ń tún ṣe, ṣùgbọ́n Constant aládùúgbò wa tó ń gbin ìrẹsì gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kan wá bá mi, torí ẹyẹ ẹ̀ga ń jẹ oko rẹ̀ run. O ti rí irú rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìbọn tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ ká tó ki ọta sí i. Kò lo ẹ̀tù rárá. Bí a bá ṣẹ́ ẹ, sípíríìngì inú rẹ̀ á fún pọ̀. Bí a bá fa tírígà, sípíríìngì á ta, á ti písítìnì, písítìnì á ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé ọta lọ. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé sípíríìngì náà ti rẹ̀, ó ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Wáṣà awọ tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ lórí písítìnì ti gbẹ, ó ti ya. Ọta tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde báyìí, ẹyẹ á kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì máa wò mí.

Mo ti wá sípíríìngì kárí Lomé títí dé Kodjoviakopé lẹ́nu bodè. Ti alùpùpù ni wọ́n ń kó fún mi. Bá mi wá ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọdẹ, àti wáṣà kan. Mo ti wọn gígùn rẹ̀ sórí òwú tó wà nínú ìwé yìí. Ibi tí mo so kókó sí ni ibi tó fẹ̀ dé.

Àbúrò rẹ Yétúndé wá kí wa lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀. Òun àti Serge ọkọ rẹ̀ ní gbólóhùn asọ̀. Mo ti bá wọn parí rẹ̀, mo sì mú un padà sílé wọn ní Tokoin Wuiti. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà.

Ìyá rẹ ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá rẹ,
Sàkáríyà


Lyon
Ọjọ́ 2, oṣù Kejì, 2023

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo kí Màmá náà, mo bá orúnkún wọn kẹ́dùn. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí n rójú. Òwú yín dé ọwọ́ mi, kókó rẹ̀ kò tú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ ní ojú Yétúndé wú díẹ̀. Bàbá, ó ti fi fọ́tò ojú náà ránṣẹ́ sí mi. Ojú òsì ti pa dé. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹyinjú ọ̀tún. Eyín iwájú kan ti kán, ètè rẹ̀ ti là débi pé wọ́n ní láti rán an. Ṣé ìyẹn ló ń jẹ́ gbólóhùn asọ̀? Ó sá wá bá yín, ẹ fún un lómi mu, ẹ fọwọ́ ara yín mú un lọ́wọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀ga Constant ló wá ká yín lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi wọn òwú ránṣẹ́ sí mi.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi á dùn yín, ó sì yẹ kó dùn yín. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ máa ń fi bẹ́líìtì nà wá títí ẹ̀yìn wa á fi bó. Èmi máa ń ké débi tí àwọn ará ilé á fi wá bẹ̀ yín. Yétúndé kì í ké. Ẹ máa ń fi í yangàn fún àlejò pé, "Ẹ wo ọmọ tí kì í sunkún yìí." Serge ló ń jẹ èrè ẹ̀kọ́ yẹn báyìí. Yétúndé sọ fún mi pé bí òun bá ti dákẹ́, ṣe ni Serge túbọ̀ ń na òun, pé kò ní ṣíwọ́ àfi tó bá gbọ́ ohùn òun.

Mi ò ní fi sípíríìngì kankan ránṣẹ́ títí ẹ ó fi kọ̀wé sí mi pé Yétúndé ti wà lọ́dọ̀ yín, pé kò sì ní padà mọ́. Kí ẹyẹ jẹ ìrẹsì tán.

Ọmọ yín ni mí, ẹ má gbé mi ṣépè.

Fàdílátù


Agbalépédogan, Lomé
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, 2023

Fàdílátù,

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ sínú iná. Ìyá rẹ ló fi ẹ̀mú fà á jáde. Etí ìwé náà kan ti jó, ṣùgbọ́n gbogbo èébú inú rẹ̀ ló pé. Mo pinnu pé mi ò ní kọ̀wé sí ọ mọ́ láéláé. Wò ó, mo ń kọ ọ́.

Yétúndé ti wà níbí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyá rẹ lọ kí i ní Tokoin Wuiti. Kó tó wọlé ló ti ń gbọ́ gbì, gbì, bí ẹni ń gúnyán. Serge ló di ọmọ odó mú, apá Yétúndé ló ń gún. Ìyá rẹ wọ àárín wọn. Ó gbá ìyá rẹ létí, gèlè fò. Nígbà tó ṣubú, ó ta á nípàá níkùn. Ìyá rẹ o, Fàdílátù! Ìsìlámíyátù tí èmi pàápàá kò gbé ọwọ́ sókè sí láti ọdún méjìdínlógójì. Egungun apá ọ̀tún Yétúndé yọ síta láwọ. Mo fọwọ́ ara mi nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí ìjókòó táàsì tó gbé wọn wá.

Mo lọ bá Serge. Ó rí mi lókèèrè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì kí gbogbo ayé lè rí i. Mo gbá a létí nígbà tó dìde. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń lọ́ ọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó ní ìgbà tí mo ń dá Yétúndé padà, ṣé mi ò mọ̀ pé ó ń jìyà ni?

A dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ká lọ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà wá. A gba ìwé náà, a padà dé. Ọ̀gá wọn ní, "Papa, affaire de famille ni, ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹ lọ jókòó sọ ọ́ nílé."

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ tí Serge kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, nígbà tí etí kan mi ṣì ń gbọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò bá ọkùnrin kankan sọ èdè wa. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún gírísì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì kí mi ní èdè Ifẹ̀ ti Atakpamé, tó jẹ́ ọmọ ìyá èdè wa. Ọmọ wo ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lomé? Ọmọ àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ ti Ọ̀fà wá gan-an, "Bonjour, ça va?" ni wọ́n fi ń kí mi. Mi ò wádìí ilé wọn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní Atakpamé pé kí ló lé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí nítorí mi yẹn ni mo wò, mo fún un lọ́mọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti kó àgbà wá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sì dá ọmọ padà, torí wọ́n kọ́ mi pé àgbà tí wọ́n bá bẹ̀ tí kò gbà, àgbà burúkú ni.

Ìwọ ní ká sọ òótọ́. Kò sí ẹyẹ mọ́. Constant ti fi ìbọn náà sílẹ̀ fún mi. Fi sípíríìngì ránṣẹ́, èyí tó le jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ní.

Sàkáríyà


Lyon
Ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, 2023

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ṣé ikùn wọn kò dùn wọ́n mọ́? Ẹ bá mi di Yétúndé mọ́ra, kí ẹ ṣọ́ apá yẹn.

Ẹ dárí jì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lóṣù Kejì. Kì í ṣe pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó dùn yín. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé yín, ara mi kò balẹ̀. Lánàá, mo ń wẹ arúgbó kan níbi iṣẹ́, ọkàn mi ń rò bí màá ṣe di Serge lọ́rùn mú, tí màá máa fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Ìgbà tí arúgbó náà ké ni mo rí i pé apá rẹ̀ ni mo ń fún. Ipa ìka mi márààrún ló hàn lára rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ pa.

Sípíríìngì náà àti wáṣà wà nínú àpò tí Priscilla mú bọ̀. Mo gbé òwú yín lọ sí ilé ìtajà, a wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹni tó tà á fún mi ní ó le.

Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe gan-an? Ṣé kí ẹ lè dẹ́rù bà á ni? Ẹ kọ ọ́ fún mi kedere. Mi ò fẹ́ máa fọkàn méfò nǹkan.

Ọmọ yín,
Fàdílátù


Agbalépédogan, Lomé
Ọjọ́ 8, oṣù Karùn-ún, 2023

Fàdílátù, ọmọ alárékérekè,

Mo kí ọ o. Ẹrù rẹ dé. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo to gbogbo ẹ̀yà ìbọn náà lé e bí ẹni tó fẹ́ sìnkú. Mo fi epo bẹntiróòlù fọ inú páìpù rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo ki wáṣà tuntun sórí písítìnì, ó wọlé wẹ́rẹ́, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Mo fi fáìsì, irin tí a fi ń di nǹkan mú, fún sípíríìngì wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti fura, nítorí fáìsì kò bá mi jìjàkadì kankan. Mo ṣẹ́ ìbọn náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ kan ṣẹ́ ẹ! Mo gbé agolo sàdíìnì sí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, mo yìn ín. Ọta náà kan agolo, ó kàn jìn ín díẹ̀, ó sì já bọ́ sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Gígùn rẹ̀ pé, fífẹ̀ rẹ̀ pé, irin rẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́. O rò pé ẹni tó ti ń fi ìka mọ sípíríìngì láti ogójì ọdún kò ní mọ̀ pé ti ìbọn ìṣeré lo rà? O ò fẹ́ kí bàbá rẹ pànìyàn. O ṣeun. Ìwọ lo bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, o sì ti mọ̀ kó o tó bi mí.

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi kọ́ mi, wọn ò kọ́ ẹni tó ta ọjà fún ọ. Mo gé irin pẹlẹbẹ mẹ́ta, mo to wọ́n sẹ́yìn sípíríìngì náà kó lè túbọ̀ fún pọ̀. Mo wá kán àdí dúdú tí ìyá rẹ fi ń para sí iwájú písítìnì, ẹ̀kán méjì péré. Mo yìn ín. Èmi tí mi ò gbọ́ nǹkan, mo gbọ́ ọ nínú egungun àyà mi. Èéfín yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọta náà gba agolo kọjá, ó sì wọ inú pákó ilẹ̀kùn débi tí ẹ̀mú ò lè fà á yọ. Ìyá rẹ sáré wọlé, ó rò pé ìbọn gidi ni.

Ọjọ́ Àìkú, Serge gun alùpùpù dé pẹ̀lú ìgò fífọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun wá mú ìyàwó òun. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá Yétúndé kí n tó rí i. Mo yìn ín lítan. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé tòun ni, ẹ̀jẹ̀ sì kún bàtà. Fàdílátù, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó ń nawọ́ sí wa, ó ní òun á padà wá pa gbogbo ilé yìí run.

Kó padà wá. Mo ti yí àga mi, mo kọjú sí géètì, nítorí mi ò lè gbọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìbọn wà lórí ẹsẹ̀ mi láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Orí ni màá yìn lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá rẹ,
Sàkáríyà


Lyon
Ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, 2023

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, mo fi ojú kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ọkùnrin tó tà á fún mi gbé sípíríìngì méjì síwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ ti ọdẹ, èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi sí ìbọn ibi ìṣeré fún àwọn ọmọdé. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí. Mo rí yín pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ní ọjọ́ orí yín, láàárín àwọn tí ẹ ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo mú ti ọmọdé. Mo purọ́ fún yín, mo tọrọ àforíjì.

Mo ti padà lọ bi ọkùnrin náà nípa àdí. Ó di orí mú. Ó ní iná ló ń ràn nínú ìbọn náà nígbà tí ẹ bá yìn ín, pé bó pẹ́ bó yá, ọ̀pá rẹ̀ á bú mọ́ ẹni tó dì í mú lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin tàbí Serge, ẹnì kan á kú. Ní tèmi, mo ti fojú ara mi rí ohun tí ìbínú ń ṣe. Ìka mi ṣì wà lára arúgbó yẹn.

Ẹ gbọ́ mi, Bàbá. Mo ti bá àbúrò yín obìnrin sọ̀rọ̀ ní Ọ̀fà. Wọ́n ní kí Yétúndé máa bọ̀, yàrá wà. Jímọ̀ tó ń wakọ̀ láti Lomé lọ sí Nàìjíríà á gbé e lọ́jọ́ Satidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó ku ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí Serge á wá ṣe nílé yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìbọn yẹn. Ẹ yọ sípíríìngì rẹ̀ kúrò, ẹ má fi ọ̀kan sún mọ́ èkejì. Gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan yìí, nítorí ọmú tí Màmá fún mi mu. Tí ẹ bá ti tú u, ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ ti tú u, torí mi ò rí oorun sùn mọ́.

Mo ní kí Priscilla fi ìwé yìí lé yín lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Fàdílátù yín


Agbalépédogan, Lomé
Ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, 2023

Ẹ̀gbọ́n mi Fàdílátù,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo mọ̀ pé Màmá ti pè yín lórí fóònù, pé ẹkún kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ju pé Bàbá ti kú. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má wo bó ṣe rí wúruwùru. Ẹ ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ Rú ni Priscilla mú ìwé yín dé. Bàbá kà á níwájú wa, wọ́n ká a, wọ́n fi sápò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn. Wọ́n tú ìbọn náà. Wọ́n nu àdí kúrò nínú páìpù, wọ́n yọ sípíríìngì, wọ́n sì ń ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi bí ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ní, "Alárékérekè ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tò ó padà di Satidé tí màá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti fi ọmú ìyá rẹ̀ bẹ àwọn, àwọn ò ní gba ẹ̀bẹ̀ ẹni burúkú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwọn wá kọ ti ọmọ àwọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti mọ́sálásí dé, wọ́n jókòó láti nu àwọn irin náà kí wọ́n tó kó wọn fún Constant. Wọ́n fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí iṣẹ́ wọn, wọ́n yí àga wọn padà, wọ́n kẹ̀yìn sí géètì.

Èmi wà nínú yàrá, mò ń di ẹrù. Mo gbọ́ géètì. Mo rò pé Màmá ló ti ọjà dé. Mo wá gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí àgbọn bá bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí mo yọjú, Bàbá ti ṣubú sórí tábìlì, Serge dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú táyà, ó tún gbé e sókè. Ó nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo kà á. Bàbá ń fi ọwọ́ wá nǹkan lórí tábìlì, wọ́n ń wá ìbọn. Sípíríìngì ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n dì í mú.

Mo pariwo "Ẹ gbà wá!" Kò sí ẹni tó jáde. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé èmi àti ọkọ mi ń jà. Mo wá rántí, mo kígbe "Fiafi! Fiafi!" bí àwọn ará ibí ṣe ń ké tí olè bá dé. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀kùn ṣí. Kí wọ́n tó dé, mo ti fi ọwọ́ òsì gbé páìpù ìbọn náà, mo fi gbá a lójú. Mo gbọ́ bí egungun imú rẹ̀ ṣe fọ́. Mo tún gbá a. Ó ń pe orúkọ mi, ó ń bẹ̀ mí, mi ò dákẹ́ rárá, mò ń ké, mò ń ké, mo sì ń nà án. Constant ló gba páìpù lọ́wọ́ mi. Àwọn tó kù lu Serge títí wọn ò fi mọ ojú rẹ̀ mọ́, kí ọlọ́pàá tó wá gbé e. Ó wà láàyè. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó wà ní àtìmọ́lé, wọn ò pe tiwa ní ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́.

Ẹ̀mí ò bọ́ lára Bàbá títí di àárọ̀ Satidé nílé ìwòsàn. Jímọ̀ gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, òkú ló bá wa gbé. A sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá kò tíì jẹun dáadáa láti ìgbà náà.

Mo ti bú yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta bú yín pẹ̀lú gbogbo ẹnu tí mo ní, Màmá sì gbọ́. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo bú Bàbá. Mi ò tíì mọ ẹni tó kàn.

Kí Bàbá tó dákẹ́, wọ́n lajú, wọ́n mọ̀ wá. Wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń kọ nǹkan. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu wọn. Wọ́n ní, "Kọ̀wé sí Fàdílátù. Sọ fún un pé mo ti tú u." Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún un sọ, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé mi ò gbọ́.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Ẹ máa sùn o.

Àbúrò yín,
Yétúndé